Ọjọ́ tí Ẹkún Ìyàwó Mú Mi ní Ìlú Elétí-Atẹ

Ẹ jókòó. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó má ṣe bí ẹni tó ní. Oòrùn ṣì wà lókè, àwọn obìnrin ṣì ń fi osùn kun ẹsẹ̀ Àyọ̀ká ọmọ-ọmọ mi nínú yàrá, kí wọ́n sì tó ṣe é tán, ìtàn mi á ti dé ibi tó ń lọ. Èmi Ọdẹ́yalé ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í purọ́ ju bó ṣe yẹ ọdẹ lọ.

Mo gbọ́ ohun tí ọ̀dọ́ ọdẹ kan sọ lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀kan. Ọdẹ́jìmí, má wolẹ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. Ó ní kí wọ́n gé ẹkún ìyàwó òní yìí kúrú, pé ariwo rẹ̀ ń ta òun létí, pé ilé ọkọ ni ọmọ náà ń lọ, kì í ṣe ọ̀run. Mi ò bínú sí i. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ti ti ẹnu mi jáde rí, mo sì sọ ọ́ ju bí Ọdẹ́jìmí ṣe sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí eegun mi ṣì le, kò sí ẹni tó lè sun ìjálá bí èmi ní gbogbo agbègbè yìí. Bí mo bá la ẹnu, erin á dúró gbọ́ oríkì ara rẹ̀ tán kí ó tó rántí sá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn tí yóò jẹ́rìí mi ti kú, ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í bá ẹlẹ́rìí kú. Lójú tèmi nígbà náà, ìjálá nìkan ni orin. Mo máa ń fara da rárà bí ẹni tó ń sun ún kò bá pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó, mo kórìíra rẹ̀ bí ìgbín ṣe kórìíra iyọ̀. Ọmọbìnrin tó ti ń ka oṣù láti ọdún tó kọjá, tó ti yan ìlẹ̀kẹ̀ tí yóò fi sọ́rùn, á wá dúró lójú gbogbo ayé, á ní òun ò fẹ́ lọ! Mo ní irọ́ ni, kì í ṣe orin. Bí ìyàwó kan bá ti yọ ní àdúgbò wa pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èmi á gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di oko.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí ó fi kan Àwẹ̀ró, àkọ́bí mi. Òun ni ìyá Àyọ̀ká, òun nìyẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ẹkún lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́fà, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi ní òwúrọ̀, ó ní ẹsẹ̀ mi ni òun fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. Ìyàwó á sun ẹkún fún bàbá rẹ̀, á kúnlẹ̀, bàbá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á súre. Ìyàwó tí bàbá rẹ̀ kò gbọ́ ẹkún rẹ̀, tí kò sì súre fún, á lọ sílé ọkọ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, títí ayé ni yóò máa wẹ̀yìn. Mo mọ èyí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo wí fún un pé a kì í sunkún nílé Ọdẹ́yalé nígbà tí ènìyàn kò kú. Mo ní ẹran ni n ó fi súre fún un. Mo ní n ó lọ sí Igbó Agbọ́hùn, n ó pa ẹfọ̀n funfun tí ọdẹ kankan kò pa rí, gbogbo ìlú yóò jẹ ẹ́ níbi ìgbéyàwó, wọn ò ní rántí pé ẹkún kan wà.

Àwẹ̀ró ní, "Ó dáa, Bàbá." Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. Ọyáfúnkẹ́ ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú mi, ó sì kọ ojú síbòmíràn títí mo fi jẹun tán. Mo rò pé orí ń fọ́ ọ ni.

Mi ò ní fi ìrìn yọ yín lẹ́nu. Mo rìn, mo dé. Igbó Agbọ́hùn kì í ṣe igbó tí ènìyàn ń fi ojú wọ̀, etí ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, nítorí pé etí ni àwọn igi ibẹ̀ ń so níbi tí igi mìíràn ń so ewé. Ọdẹ tó bá gbọ́n á pa ẹnu mọ́. Èmi ńkọ́? Mo dúró sábẹ́ ìrókò kan, mo gbé ẹsẹ̀ lé gbòǹgbò rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjálá ki ara mi, kí wọ́n lè mọ ẹni tó dé.

Ìrókò náà tẹ̀ ba, ó gbọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àfi bí ó ṣe la ẹnu tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki mí pa dà pẹ̀lú ohùn tèmi gan-an. Ìrókò sọ fún àràbà, àràbà sọ fún igi ahùn, ó di igbó odindi, gbogbo wọn ń pariwo pé èmi Ọdẹ́yalé ni baba ọdẹ, èmi ni mo ju gbogbo ọdẹ lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyìn náà fi ń nà mí. Mo dojú bolẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní imú mi. Mo ti rí ikú lẹ́nu ẹkùn, mo ti rí i nínú omi, ṣùgbọ́n mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sínú oríkì ara mi nígbà yẹn. Ilé oyin kan ló gbà mí. Mo fà á ya, oyin ta mí yánnayànna, mo fi ìda rẹ̀ di etí méjèèjì, ayé sì pa lọ́lọ́.

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i, ẹfọ̀n funfun, ó dúró gbọin gbọin bí ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn. Mo lé e, ó sá. Nítorí ìda tó wà létí mi, mi ò gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn irin ibodè ìlú kan pa dé lẹ́yìn wa.

Ọ̀gán, òkìtì ikán, ni mo kọ́kọ́ rí nínú ìlú náà. Wọ́n tò sí apá ọ̀tún, wọ́n tò sí apá òsì, gíga wọn sì jẹ́ gíga ènìyàn. Fìlà ọdẹ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo mọ méjì nínú àwọn fìlà náà, mo ti bá àwọn tó ni wọ́n jẹ iṣu rí. Ẹ̀rù bà mí. Mo sọ ọ́ báyìí kí ẹ má baà rò pé ẹni tó láyà kì í bẹ̀rù.

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ibodè yọ sí mi. Etí kan ṣoṣo ló ní, ó sì fẹ̀ tó atẹ tí wọ́n fi ń sá ata. Elétí-Atẹ ni orúkọ rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó yọ ìda kúrò létí mi, ó sì pa àlọ́ fún mi láìkí mi.

Ó ní, "Àlejò kan wà. Kì í kan ilẹ̀kùn, a kì í fún un ní àpótí, ó sì ń jókòó. Bí o bá lé e lọ ní ìrọ̀lẹ́, wàá bá a lẹ́nu rẹ ní òwúrọ̀. Kí ni?"

Mo ní, "Ebi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó ní ebi kò burú, ọdẹ mélòó kan ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, àwọn nìwọ̀nyẹn lábẹ́ fìlà wọn. Ó wá sọ òfin ìlú náà fún mi. Orin tí àlejò bá kórìíra ni wọ́n fi ń gbà á lálejò níbẹ̀. Bí orin náà bá dùn mọ́ ọn dénú, á lọ sílé rẹ̀. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, tàbí tó bá díbọ́n pé ó dùn mọ́ òun, ilẹ̀ á gun orí rẹ̀, ó di ọ̀gán. Etí rẹ̀ ni yóò gbé lé mi láyà, àyà ènìyàn kì í sì í purọ́ fún un. Ó béèrè orin tí mo kórìíra.

Ẹ fetí sí ọgbọ́n ọdẹ. Mo ní, "Ìjálá ni. N kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí erùpẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè láti àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ó bo ọmọ ìka mi, ó bo ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó tutù, ó sì le. Elétí-Atẹ kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo adìẹ tó ń jà nínú okùn. Mo rí i pé irọ́ ò ṣe é pa níbẹ̀, mo sọ òtítọ́. Mo ní ẹkún ìyàwó ni. Erùpẹ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní orin náà wà nílé. Ó nawọ́ sí obìnrin kan tó jókòó lórí ilẹ̀ níwájú ọ̀gán àkọ́kọ́. Gbogbo irun orí rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ osùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ ìyàwó ló ró. Elétí-Atẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ tó fẹ́ sun ẹkún, bàbá gbé ìbọn, ó wọ igbó. Ọmọ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibodè yìí, ó sì sun ẹkún náà fún un. Bàbá náà kàn mi orí, ó ní ó dùn, kó ṣáà lè rí ọ̀nà lọ. Òun ni ọ̀gán àkọ́kọ́ yẹn. Láti ìgbà náà obìnrin yìí kò lè lọ sílé ọkọ, kò lè pa dà sílé bàbá, nítorí kò sí ẹni tó súre fún un.

Elétí-Atẹ gbé etí lé mi láyà. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀.

Mo mú ojú le. Ohùn rẹ̀ gbẹ, mo sì wí nínú ara mi pé a ti rí i, igbe náà ni. Erùpẹ̀ gùn mí dé agbedeméjì ojúgun. Mo rántí Àwẹ̀ró. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ, bàbá rẹ̀ á sì wà níbí pẹ̀lú fìlà lórí, kò sí ẹni tí yóò gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní kí n fẹ́ràn orin náà ní tipátipá. Ẹ ti gbìyànjú rẹ̀ rí? Kò ṣe é ṣe. Erùpẹ̀ dé orúnkún.

Mo bá fi í sílẹ̀. Mo ní bí n ó bá kú, kí n kú bí ẹni tó mọṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ bí asùnjálá ṣe ń gbọ́ asùnjálá ẹgbẹ́ rẹ̀, láti mọ ibi tí yóò ti ṣàṣìṣe. Kò ṣàṣìṣe. Ó gba èémí kan, ó fi gbé gbólóhùn márùn-ún, ó já a níbi tí mi ò rò, ó sì tún un so níbi tí ó dára jù. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń wá irú èémí yẹn. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo fi ọwọ́ di orí mi mú, èjìká mi gbà á. Ibẹ̀ ni mo wà tí ó fi wí pé:

"Mò ń lọ, Bàbá, ẹ wo ẹsẹ̀ mi kó tó lọ,
ẹsẹ̀ tí ẹ gbé kọ́ ọrùn ní ọjọ́ tí odò kún.
Ẹ mọ ipasẹ̀ ẹtu, ẹ mọ ti ìmàdò,
ẹ mọ ibi tí ẹkùn gbé tẹ ìrì mọ́lẹ̀ ní ìdájí.
Bàbá mi ọdẹ, bí mo bá gba ọ̀nà yìí jáde,
ǹjẹ́ ẹ ó mọ ipasẹ̀ tèmi?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, omi bọ́ lójú mi. Mi ò fi pa mọ́. Mo mọ ipasẹ̀ gbogbo ohun tó ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó, mo lè wo ipasẹ̀ ẹtu kí n sọ bóyá ó lóyún. Ṣùgbọ́n mo wá ipasẹ̀ Àwẹ̀ró nínú orí mi, ipasẹ̀ ọmọ tó ń gba àgbàlá mi kọjá lójoojúmọ́ fún ọdún méjìdínlógún, mi ò rí i. Ó dùn mí. Orin náà sì dùn, àwọn méjèèjì papọ̀, mi ò lè yà wọ́n.

Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sun."

Elétí-Atẹ gbé etí kúrò láyà mi. Ó ní, "Àlejò ti jókòó." Erùpẹ̀ sì wó lulẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi.

Obìnrin náà tún un sun. Nígbà tó parí, ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gán bàbá rẹ̀ bí ó ṣe máa ń ṣe, ó sì tẹ orí ba. Mi ò lè wò ó bẹ́ẹ̀. Mo lọ síbẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé orí funfun yẹn, mo ní ilé ọkọ á tura fún un, mo ní bí ó bá dé ibẹ̀ kò ní rántí ìyà. Ọ̀gán náà là sí méjì, fìlà orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà dìde, ilẹ̀kùn irin ṣí, ó gba ibodè jáde. Mi ò béèrè bóyá ọkọ ṣì wà láyé lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ohun tí mo rí ni pé kò wẹ̀yìn.

Ẹ má rò pé ó tán. Bí mo ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ẹfọ̀n funfun yọ, ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí mi, ó yí ìhà sí mi. Ìbọn mi kún. Elétí-Atẹ ní mo lè pa á, pé ẹ̀tọ́ mi ni. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n òní ni wọ́n ń gbé ọmọ rẹ lọ. Ọjọ́ ìlú yìí kò dọ́gba pẹ̀lú ti ìlú yín."

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mọ ìdẹkùn tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá pa ẹfọ̀n kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i kó tó ṣètùtù fún un, kó tó gé ìrù rẹ̀, kó tó sun oríkì rẹ̀ tán. Ọjọ́ kan gbáko ni. Bí mo bá yìnbọn, orúkọ mi á kọjá ti gbogbo ọdẹ, Àwẹ̀ró á sì ti kọjá odò lọ sílé ọkọ. Mo wo ẹfọ̀n náà. Mo ṣì ń rí i lójú àlá. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo sáré.

Mo ń sáré lọ ni mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sun ẹkún ìyàwó nínú igbó. Mo dúró, ó dúró. Mo tún sáré, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ni! Èmi Ọdẹ́yalé, irùngbọ̀n lágbọ̀n, ìbọn léjìká, mò ń bi bàbá mi tó ti kú bóyá ó mọ ipasẹ̀ mi. Ẹtu kan wò mí títí mo fi kọjá, kò tilẹ̀ rántí sá. Ìgbà náà ni mo tó mọ ìtumọ̀ àlọ́ Elétí-Atẹ: orin ni àlejò náà.

Oríta ìkángun ìlú ni mo ti bá wọn. Àwọn ìyàwó ilé ọkọ wà níwájú, ẹrù wà lórí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Àwẹ̀ró wà láàárín, ó bo orí, kò sí ẹni tó ń sun nǹkan kan. Nígbà tí mo já sójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn, tí eruku ọ̀gán bò mí dé orúnkún, wọ́n fẹ́ sá lọ. Mo gbé ìbọn kalẹ̀. Mo ṣí fìlà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sí àárín ọ̀nà.

Mo ní, "Àwẹ̀ró, mo dé láìlẹ́ran. Sun ẹkún rẹ fún mi."

Ìyálé kan láti ilé ọkọ ní ọ̀nà jìn. Ọyáfúnkẹ́ dá a lóhùn pé ọ̀nà kò ní sá lọ. Àwẹ̀ró ṣí aṣọ lójú, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní ẹkún kì í wọ ilé yín."

Mo ní, "Mo ṣe àṣìṣe. Ohun tí n kò fetí sí rí ni mo ń bú. Má jẹ́ kó bá ọ dé ilé ọkọ."

Ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ orí ba kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Kò sun ti obìnrin Ìlú Elétí-Atẹ, tirẹ̀ ló sun, ó ki mí, ó ki ìyá rẹ̀, ó ki ajá mi tó ti kú. Nígbà tó dé ibi orúkọ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, ó dákẹ́, ó gba èémí, ó wá pè é. Ara mi bù máṣọ. Bí èmi ṣe máa ń pe orúkọ erin nìyẹn! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ibi tí mo ti ń mí nínú ìjálá ni ó ti ń mí. Ibi tí mo ti ń já a ni ó ti ń já a. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kò mọ èyí, kò lè kọ́ ọ. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sun ìjálá lójúde, ọmọ yìí ti wà lẹ́yìn ògiri, ó ń gbọ́ mi. Èmi tó ń sá fún orin rẹ̀, òun kò sá fún tèmi rí. Mo fi ara mi yangàn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo fi ọmọ mi yangàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó sun ún dáadáa jù mí lọ, ẹ sì mọ̀ pé n kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni.

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo súre, gbogbo wọn ṣe àmín. Wọ́n lọ. Àwẹ̀ró kò wẹ̀yìn. Mo dúró níbẹ̀ títí ariwo wọn fi tán, mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo ipasẹ̀ rẹ̀ nínú eruku bí mo ṣe ń wo ti ẹran: àtàǹpàkò ń wo ọ̀tún díẹ̀, gìgísẹ̀ òsì ń tẹ̀ jù. Ẹ kó ipasẹ̀ ẹgbẹ̀rún obìnrin síwájú mi lónìí, n ó mú ti Àwẹ̀ró.

Ọdẹ tó pa ẹfọ̀n pọ̀. Ẹni tó dé Ìlú Elétí-Atẹ tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde, ẹ ń wò ó yìí.

Ó tó. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọdẹ́jìmí, gbé ìbọn yẹn kalẹ̀, oko kò ní sá lọ. Àyọ̀ká ọmọ mi, máa bọ̀, ẹsẹ̀ mi nìyí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ dákẹ́, kí ẹ sì ṣọ́ ibi tí yóò ti mí.